Okùn Tí Mo Rí Tí N Kò Sọ

Ọjọ́bọ̀ ni, ó ku ọjọ́ méjì kí ìdíje ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n ń pè ní Fastnet bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí ọkọ̀ wa ní èbúté Hamble ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ń yẹ okùn wò. Okùn pọ̀ lórí ọkọ̀ onígbòkun bí iṣan ṣe pọ̀ lára ènìyàn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ni èyí tí a fi ń ká ìgbòkun ńlá kúrú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le. Mẹ́ta ni irú okùn bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ wa. Èyí tó wà láàárín ni mo ń wí yìí. Bí mo ṣe ń fà á gba àárín ìka mi méjì, mo kan ibì kan tó rí háráhárá. Mo gbé e sún mọ́ ojú. Awọ òde rẹ̀ ti bó, fọ́nrán funfun inú rẹ̀ ti yọ síta. Ibi tó bó náà kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ọ̀gá ọkọ̀ wa kò jìnnà sí mi. Ó ń sọ fún àwọn yòókù pé òun ti fọwọ́ ba gbogbo okùn lálẹ́ àná, kò sí èyí tó mẹ́hẹ. Ẹni ọdún 64 ni. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń fi ìgbòkun rìn lójú òkun. Mo wò ó, mo wo okùn, mo wá rọra ká okùn náà padà sí àyè rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo tún sọ fún ara mi pé tó bá ku àwa méjì, màá sọ ọ́ fún un níkọ̀kọ̀. Kò ku àwa méjì títí a fi gbéra.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Apẹja ni bàbá tó bí bàbá mi. Ẹni tó bá mọ etíkun wa mọ̀ pé òkun kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní Ayétòrò, ibi tí ilé wà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí mo mọ̀ ni ọkọ̀ pákó tí wọ́n so ẹ́ńjìnì mọ́ ní ìdí. Southampton ni mo ti wá mọ ìgbòkun, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló mú mi lọ sórí ọkọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ní kí n wá gba afẹ́fẹ́ sára. Nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, tí ìgbòkun gba afẹ́fẹ́, tí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ tó sì ń lọ láìpariwo, omijé bọ́ lójú mi. N kò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo owó àfikún iṣẹ́ alẹ́ mi, ọkọ̀ ni mo ń ná an lé.

Àwa méje la wà nínú ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 38. Ọ̀gá wà níbẹ̀, àti ìyáàfin kan tó fẹ̀yìn tì nídìí kíkọ́ni ní ìṣirò, òun ló ń wo máàpù fún wa. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì wá láti Cornwall. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tó jẹ́ ará Wales. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Èmi ni mo ṣe ìkeje. Gbogbo wọn ló ń pe ọ̀gá ọkọ̀ ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, láìfi nǹkan kan ṣíwájú. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ọ̀gá ni mo ń pè é, nígbà tó sì yá, gbogbo ọkọ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdíje Fastnet ṣe rí. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é. Láti Cowes ní erékùṣù Wight, ọkọ̀ á gba ojú omi gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ìwọ̀-oòrùn, á kọjá Land's End, á gba òkun Celtic lọ dé àpáta Fastnet lẹ́bàá gúúsù Ireland, á yí i po, á wá padà wá parí ní Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé. Plymouth ni wọ́n ti ń parí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Cherbourg ní 2021. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 695 máìlì òkun. Ọkọ̀ méje péré ló díje ní 1925 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, Jolie Brise, ọkọ̀ tó ti máa ń gbé àwọn afọ̀nàhàn jáde ní èbúté Le Havre, ló sì gbégbá orókè. Ní 2023 tí èmi lọ, ìdíje náà pé àádọ́ta ìgbà, ọkọ̀ tó lé ní 400 la sì jọ wà lójú omi.

Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣàdédé wọ̀ ọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ àti, ó kéré tán, ìdajì àwọn atukọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi àwọn ìdíje kéékèèké kó 300 máìlì jọ láàárín ọdún tó ṣáájú. A tún lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀mílà, níbi tí wọ́n ti jù wá sínú odò ìwẹ̀ tòun ti aṣọ òjò àti láìfù-jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, tí wọ́n ní ká dojú ọkọ̀ rọ́bà tó dà bolẹ̀ sókè padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1979 ló bí òfin wọ̀nyí. Lọ́dún yẹn, ọkọ̀ 303 ló gbéra. Ìjì bá wọn ní òkun Celtic láàárín òru. Ènìyàn 15 nínú àwọn tó ń díje ló kú. Wọ́n fi ọkọ̀ 24 sílẹ̀ lójú agbami, márùn-ún ló sì rì nínú wọn. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa: ọkọ̀ 19 tí àwọn ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú wọn ṣì léfòó nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Olùkọ́ wa ní kí a má ṣe kúrò nínú ọkọ̀ àfi tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá ń fi wá sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fi ìlà méjì sí i nídìí.

Nínú àwọn ìdíje kéékèèké yẹn ni ọ̀wọ̀ Ọ̀gá ti wọ̀ mí lára. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, lẹ́bàá erékùṣù Guernsey, afẹ́fẹ́ kú pátápátá. Omi òkun ibẹ̀ kì í dúró. Wákàtí mẹ́fà ló fi ń sáré lọ síwájú, á fi mẹ́fà sáré padà, agbára rẹ̀ sì le. Ìgbòkun wa rọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Nígbà tí mo wo ojú omi, ó dà bí ẹni pé à ń lọ. Nígbà tí mo wo GPS, ẹ̀yìn là ń padà sí. Ọ̀gá ní ká ju ìdákọ̀ró. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ta ló ń ju ìdákọ̀ró nínú eré ìje? A so okùn mọ́ okùn títí ó fi gùn tó, a rọ ìdákọ̀ró náà sísàlẹ̀ láìjẹ́ kó dún, kí àwọn tó wà nítòsí má baà gbọ́. Ó mú. A dúró. Láàárín wákàtí mẹ́rin tí a fi mu tíì, àwọn iná tó wà níwájú wa ń bọ̀ wá sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọjá wa pẹ̀lú ìdí. Ọkọ̀ mọ́kànlá la yọ sílẹ̀ láìmira. Lẹ́yìn òru yẹn, bí Ọ̀gá bá ní òṣùpá máa yọ lọ́sàn-án, màá gbójú sókè.

Ẹ wá rí ìdí tí n kò fi lè la ẹnu mi ní Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22 oṣù keje, wọ́n yin àgbá ní Cowes. Afẹ́fẹ́ ti le láti àárọ̀, láti apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù, òjò ń rọ̀ ní ìlà. A ti ká ìgbòkun ńlá kúrú ní ìlọ́po méjì kí a tó gbéra, okùn yẹn gan-an ló sì di igun rẹ̀ mú. Mo mọ̀. Nígbàkigbà tí mo bá gbójú sókè, ibi tó bó yẹn ni ojú mi ń wá, kò sì ṣeé rí láti ibi tí mo jókòó.

Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan. Wákàtí tí omi ń fà lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fi wá sílẹ̀, kí omi lè bá wa gbé ọkọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà Hurst, ilẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, gbogbo omi Solent, ìyẹn omi tó ya erékùṣù Wight kúrò lára ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì ń gba ojú ihò yẹn tú jáde. Omi ń lọ, afẹ́fẹ́ ń bọ̀, wọ́n wá pàdé. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa irun ẹran lódì, ẹ ó mọ bí ojú omi ṣe rí. Ìgbì etíkun wa nílé gùn, ènìyàn lè rí i látòkèèrè kó múra dè é. Ti ibẹ̀ yẹn dúró ṣánṣán bí ògiri, ọ̀kan kò sì tíì parí tí èkejì fi dé. Ọkọ̀ á gun orí rẹ̀, á dúró díẹ̀, á wá já lulẹ̀ gbì. Gbogbo eyín ẹnu mi ló ń ró. Bí a ṣe ń sún mọ́ àwọn àpáta funfun tí wọ́n ń pè ní Needles, ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ kà 38 nọ́ọ̀tì (máìlì òkun fún wákàtí kan), ó kà 41. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láìjáwọ́ nínú okùn tó dì mú. Ọkùnrin ni.

N kò gbọ́ ìgbà tó já. Ohun tí mo gbọ́ ni ìgbòkun. Igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti bọ́, ó ń nà án mọ́ afẹ́fẹ́, gbogbo ọkọ̀ ń gbọ̀n láti orí òpó dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Orí okùn tó já fò padà, ó sì na gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo rí ẹ̀jẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, ìgbòkun ti ya láti ìdí lọ sókè, ó tó apá méjì.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó kígbe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Ìkẹta!" Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi okùn ìsomọ́ de ara wọn, wọ́n rákò lọ sí ìdí òpó, wọ́n fa ìgbòkun náà wálẹ̀ títí a fi ká a kúrú ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọlọ́run ló ṣe é, ibi tó ya bọ́ sínú apá tí a ká mọ́lẹ̀. Èmi ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú gbẹ́nàgbẹ́nà, mo fi orúnkún dì í mọ́ ògiri ọkọ̀, mo ń nu ẹ̀jẹ̀, mo ń wá ibi tó ti gé. Abẹ́ ojú ni, ìwọ̀n ìka méjì sí ẹyinjú. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní mo lọ́wọ́ ẹ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ẹni pé ó gbá mi létí lọ.

Nínú rédíò, ohùn àwọn ọkọ̀ tó ń padà sílé kò dáwọ́ dúró. Òpó ti ẹnì kan dá. Ọkọ̀ kan rì lẹ́bàá Needles níbẹ̀, wọ́n gbà àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ là láàyè. Kí ìdíje náà tó parí, àwọn tó padà lé ní 100. Ìyáàfin tó ń wo máàpù sọ pé etíkun Swanage kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ náà, ká lọ fi ara pamọ́ síbẹ̀. Òfin gbà á: o lè dákọ̀ró, o lè tún ọkọ̀ rẹ ṣe, bí ẹnikẹ́ni láti ìta kò bá ti ràn ọ́ lọ́wọ́. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ kí a tó dé ẹ̀yìn òkè yẹn. Níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn, ariwo dákẹ́.

Ọ̀gá tan iná, ó mú orí okùn náà wò. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Kò yé mi. Mo yẹ okùn yìí wò."

Mo ní, "Ọ̀gá, mo rí i ní Ọjọ́bọ̀."

Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ibi tó ti bó, bó ṣe gùn tó, bí mo ṣe ká a padà. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ti dà sí mi lọ́wọ́, ohùn mi ti wá kéré.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ ti ní ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Òtútù ń mú, ìbọ̀wọ́ ló wà lọ́wọ́ mi."

Ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ti fi bí ogójì ọdún mọ okùn, ìbọ̀wọ́ kò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lóru ọjọ́ yẹn. Èmi tí n kò tíì lo ọdún mẹ́jọ nídìí iṣẹ́ náà ni ọwọ́ mi wà ní òfìfo, tí mo sì kan ibi tó bó. Ìrírí kọ́ ló ń wí. Ọwọ́ tó kan nǹkan ló mọ̀ ọ́n.

A gbé ìgbòkun wọ inú ọkọ̀, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì àti ibùsùn, a fi aṣọ alẹ̀mọ́ lẹ̀ ẹ́ ní ojú méjèèjì. Èmi ni mo ní màá rán an. Abẹ́rẹ́ ìgbòkun nípọn, aṣọ náà le bí awọ, nítorí náà awọ kan wà tí wọ́n ń gbé wọ àtẹ́lẹwọ́ láti fi ti abẹ́rẹ́ wọlé. Mo ń gún un, mo ń fà á, mo ń gún un. Àkókò yẹn ni bàbá àgbà mi wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń jókòó nídìí àwọ̀n ní ọ̀sán, tí abẹ́rẹ́ onígi ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé wa pé ọmọ tó bá ń já àgbà nírọ́ lójú àwùjọ kò lẹ́kọ̀ọ́, n kò sì ní í kọ ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ pákó bàbá àgbà, ọmọdé ló ń gbọ́n omi. Ó jókòó sísàlẹ̀ pátápátá, omi kan ìdí rẹ̀ kó tó kan ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Kí bàbá àgbà tó bèèrè ọ̀rọ̀ ẹja, kó tó wo ojú ọ̀run, ó máa ń kọ́kọ́ kígbe sí ọmọ yẹn: "Omi ńkọ́?" Ọmọ tó bá ní "kò sí nǹkan" nígbà tí omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ pa gbogbo ilé ni. Mo jókòó nínú ọkọ̀ yẹn rí. Mo gbọ́n omi yẹn rí. Báwo ni mo ṣe wá gbàgbé?

Mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe ń rán aṣọ lọ. Ọ̀gá gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tó di aago mẹ́ta ààbọ̀ tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ tí a fẹ́ fa ìdákọ̀ró, ó kó wa jọ, ó ní láti ìgbà náà lọ, bí a bá ń pààrọ̀ ìṣọ́, ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó rí àti ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun Ọ̀gá ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó bi akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá ní, "Wò ó dáadáa." Ó tún un wò, ó ní kókó tí wọ́n fi so fìtílà ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń tú. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú àti Ajé lọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Wákàtí mẹ́rin nídìí iṣẹ́, wákàtí mẹ́rin lórí ibùsùn, aṣọ tútù lára, ohùn ẹni tó ń jí ọ kí o tó sùn tán. Tó bá jẹ́ ti oúnjẹ, àwọn yòókù ń da omi gbígbóná sínú àpò oúnjẹ gbígbẹ. Èmi kó gaàrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà wá. Nígbà tí inú gbẹ́nàgbẹ́nà kò gba nǹkan mìíràn, mo bu gaàrí díẹ̀ sínú ife, mo da omi tútù sí i, mo fún un. Ó jókòó tì í. Nígbà tó di ọjọ́rọ̀, ó na ife sí mi, kò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn, méjì la ń bu.

Ní òru Ajé mọ́ Ìṣẹ́gun, a ti kúrò lẹ́bàá Land's End, a ti wọ òkun Celtic, ibi tí ọ̀ràn 1979 ti ṣẹlẹ̀. Omi gùn níbẹ̀, ìgbì rẹ̀ jọ ti ilé wa, ara mi sì balẹ̀. Dọ́fíìnì mẹ́ta ń bá wa sáré. Níbi tí wọ́n bá gbà, omi ń tàn yòò, ìlà iná aláwọ̀ ewé ló ń sọ ibi tí ara wọn wà. A fẹ́ pààrọ̀ ìṣọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ní, "Iná funfun yẹn kò kúrò lójú kan láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ẹ̀gbọ́n nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní ó jìnnà, ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ ńlá hàn kò sì fi nǹkan kan hàn níbẹ̀. Bí ìgbà míì bá ni, ọ̀rọ̀ á ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kéré ti sọ̀rọ̀, a gbọ́dọ̀ wò ó. Mo gbé kọ́ńpáàsì ọlọ́wọ́ sójú, mo ka nọ́ńbà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo tún un kà: nọ́ńbà kan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ńbà kan náà, iná sì ti tóbi sí i. Ohun tí àwọn tí kò rìn lójú òkun kì í mọ̀ nìyí. Ọkọ̀ tó ń yí ipò padà lójú rẹ yóò kọjá níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ. Èyí tó dúró sójú kan, tó kàn ń tóbi ṣáá, ẹ̀yin méjèèjì jọ ń lọ síbi kan náà ni. Ọkọ̀ apẹja ni, ó ń wọ́ àwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn. Òfin ní kí àwa yà fún un, ọmọ apẹja bíi tèmi ò sì ní í bá a jiyàn. A yí ọkọ̀. Ó gba iwájú wa kọjá. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbóòórùn epo díísù àti ẹja rẹ̀, mo sì rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tó ń yẹ àwọ̀n wò lábẹ́ iná. Kò rí wa.

Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá akẹ́kọ̀ọ́ léjìká lẹ́ẹ̀kan péré, ó wọlé lọ sùn.

Ìdájí Ọjọ́rú la dé àpáta Fastnet. Láti òkèèrè ni iná rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú sí wa, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Láti 1904 ni ilé iná náà ti ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi òkúta Cornwall kọ́ ọ, gíga rẹ̀ lé ní mítà 50. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń wò ó bí ẹni ń wo ará ilé. Àwọn ará Ireland ń pè é ní Carraig Aonair ní èdè tiwọn, ìyẹn ni àpáta tó dá dúró. Wọ́n tún ń pè é ní omijé Ireland, torí òun ni ìkẹyìn ilẹ̀ wọn tí àwọn tó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà máa ń rí. Ohun ìkẹyìn tí èmi rí nílé ni páànù òrùlé Ìkẹjà láti ojú fèrèsé bàlúù, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn nígbà yẹn. Bí a ṣe ń yí àpáta náà po lápá òsì wa, ẹyẹ funfun ńlá ń já bọ́ sómi yí wa ká, ojú ọ̀run ń pọ́n. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Mo sunkún díẹ̀, n kò fi pamọ́.

Àbọ̀ rọrùn. Afẹ́fẹ́ wá sí ẹ̀yìn wa, ọkọ̀ ń fò lọ. Lẹ́bàá erékùṣù Scilly, ojú ìránṣọ mi kan já níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo sì kígbe rẹ̀ kí n tó mí. Wọ́n sọ ìgbòkun náà kalẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, mo rán an padà. Ogójì ìṣẹ́jú nínú eré ìje kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀gá kò bi mí bóyá ó pọn dandan.

A wọ Cherbourg ní ọ̀sán Ẹtì. Ọkọ̀ tó yá jù nínú gbogbo wa ti parí ní ọjọ́ Àìkú, kò lò tó ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ipò tiwa wà nísàlẹ̀ ìwé, n kò sì fi pe ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí mo pe ìyá mi, ohun tí mo sọ ni pé mo ti dé. Wọ́n bi mí bóyá mo jẹun.

Ọ̀gá ti lọ sílé ìtajà etí èbúté. Ó padà pẹ̀lú okùn tuntun lọ́rùn, ó wọ̀ ọ́ gba ibi tó yẹ, ó so igun rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá dìde kúrò níbẹ̀, ó ní, "Ó kàn ọ́."

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Mo fà á gba àárín ìka mi, díẹ̀díẹ̀, láti orí dé ìdí. Okùn náà dára. Kókó tó so sí i ló kúrú ní ìdí, ó lè yọ. Mo ní, "Ọ̀gá, kókó yìí ò tó."

Ó kúnlẹ̀, ó tú u.